Yàrà Inú Igbó àti Bilíkísù Òkè-Ẹ̀rí



 

 Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa ìrun tàbí ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ lójoojúmọ́ ni. Kò sí ẹni tí kò mọ Ìjẹ̀bú-Òde sí ìlú olówó. Bí ó bá di ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tò lọ sí Ojúde Ọba pẹ̀lú aṣọ òkè àti ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, tí àwọn ọmọ ìdílé Balógun sì gun ẹṣin wọn wọlé, àlejò a máa ti Èkó àti òkè òkun wá wò wá. Ọ̀dọ̀ àwa Mùsùlùmí ni ayẹyẹ náà ti bẹ̀rẹ̀, láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ tí ó gba àwọn bàbá wa láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọmọ mẹ́wàá nínú àwọn ọmọ wa léèrè pé, "Kí ni ó wà ní ìlú yìí ṣáájú ẹṣin àti aṣọ?" ekukáká ni a ó fi rí méjì tí yóò fèsì.

Ìlú wa kì í ṣe olówó àná. Àárín ọ̀sà àti òkè ni Ọlọ́hun tẹ̀ ẹ́ dó sí. Ẹrù tí ó ti etí omi bọ̀ kò lè dé òkè láìkọjá ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó ti òkè bọ̀. Àwọn oníbodè ń gba owó lọ́nà, àwọn oníṣòwò sì ń ná ọjà Ejìnrìn ní etí ọ̀sà. Aṣọ tí àwọn ìyá wa hun lókìkí débi pé àwọn Potogí ń rà á lọ sí ilẹ̀ Brazil. Nǹkan bí ọdún 1505 sí 1508 ni ọkùnrin Potogí kan, Duarte Pacheco Pereira, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìlú ńlá kan wà tí ń jẹ́ "Geebu," tí yàrà ńlá kan yí i ká, tí wọ́n sì ń pe ọba ibẹ̀ ní "Agusale." Ẹ ò rí i pé Ìjẹ̀bú àti Awùjalẹ̀ ni ó ń wí. Ó tún kọ ọ́ pé ẹrú àti eyín erin ni wọ́n ń tà níbẹ̀, wọ́n sì ń gba ẹ̀gbà ọwọ́ onídẹ. Kò yẹ kí a fi ìyẹn pamọ́ fún àwọn ọmọ wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí owó ṣe wọ ilé, kí ó gbọ́ èyí tí ó dára àti èyí tí kò dára.

Ẹ fi etí sí ohun tí Potogí náà kọ́kọ́ mẹ́nu bà: kì í ṣe aṣọ, kì í ṣe ẹṣin, yàrà ni. Yàrà náà wà níbẹ̀ títí di òní. Òun ni àwọn àgbà ń pè ní Erédò Sùngbọ́, orúkọ yìí sì ni ó mú ọ̀rọ̀ wa dé Òkè-Ẹ̀rí.

Òkè-Ẹ̀rí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ojú oórì kan wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá bẹ̀ wò lọ́dọọdún: Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Ìtàn àwọn àgbà ni pé obìnrin ọlọ́rọ̀ kan ni ó sùn síbẹ̀, Bilíkísù Sùngbọ́. Wọ́n ní kò bí ọmọ, ó sì ní kí a gbẹ́ yàrà yí ilẹ̀ òun ká, kí orúkọ òun má baà parẹ́ láyé. Títí di ibí yìí, ìtàn náà dùn, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n àwọn kan fi kún un pé Bilíkísù yìí gan-an ni ọbabìnrin ilẹ̀ Saba tí ó lọ kí Ànábì Sulaimán, àlàáfíà Ọlọ́hun kí ó máa bá a. Ní ọdún 1999, nígbà tí ìròyìn yàrà náà tàn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ọbabìnrin Saba yìí ni àwọn oníwèé ìròyìn gbé sí iwájú.

Ọ̀rọ̀ náà dé kíláàsì wa. Nínú ìdánwò ìtàn àwọn Ànábì, a bi àwọn ọmọ pé ilẹ̀ wo ni ọbabìnrin tí ẹyẹ hudhud ròyìn rẹ̀ fún Ànábì Sulaimán ti ń jọba. Ọmọkùnrin kan kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Òkè-Ẹ̀rí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde." Olùkọ́ fi báírò pupa fa igi sí i. Ní ọjọ́ kejì, bàbá ọmọ náà mú ìwé ìdánwò lọ́wọ́, ó wá bá wa. Àgbà mọ́ṣáláṣí ni, kì í ṣe aláriwo. Ó ní, "Ẹ̀yin ààfáà, ẹ dákun, ṣé irọ́ ni bàbá wa àti bàbá bàbá wa pa fún wa? Ilé-kéwú yìí kan náà ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún àgbà."

A kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá ní àgbà purọ́, a ti kọ́ ọmọ láti máa fojú di ẹni tí ó bí i. Bí a bá sì fún ọmọ ní máàkì kí inú bàbá lè dùn, a ti fi ohun tí kò sí nínú Àlùkùránì kún Àlùkùránì. A fi Alhaji jókòó, a gbé omi fún wọn, a sì jọ ṣí Suuratu Naml láti áyà 20 títí dé áyà 44.

Ohun tí a bá níbẹ̀ nìyí. Ilẹ̀ Saba ni hudhud ti mú ìròyìn wá. Ilẹ̀ náà wà ní Yẹ́mẹ̀n, àwókù ìlú Maarib tí í ṣe olú-ìlú wọn wà níbẹ̀ títí di òní. Ó rí obìnrin kan tí ń jọba lé wọn lórí, tí ó ní ìtẹ́ ńlá, tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń forí balẹ̀ fún oòrùn. Nígbà tí ìwé Ànábì Sulaimán dé ọwọ́ rẹ̀, ó gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ àwọn ìjòyè rẹ̀. Ní ìkẹyìn, ó gbà fún Ọlọ́hun Ọba gbogbo ẹ̀dá. Àlùkùránì kò dárúkọ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tafsíírì àti àwọn onítàn ni ó pè é ní Bilqis, tí àwa ń pè ní Bilíkísù. Àlùkùránì kò sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí.

Ẹ̀yìn náà ni a wá gbé ọ̀rọ̀ ọdún yẹ̀ wò. Àwọn onímọ̀ ìtàn ka ìgbà Ànábì Sulaimán sí nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ tí ó ń wa ilẹ̀ láti mọ ọjọ́ orí ohun àtijọ́, tí Gérard Chouin jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ti ṣiṣẹ́ nínú Erédò. Àbájáde wọn ni pé láàárín ọdún 1370 sí 1420 ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Àwọn onímọ̀ kan ti kọ́kọ́ rò pé ó tó ẹgbẹ̀rún ọdún. Bí a tilẹ̀ gba ti àwọn yẹn, ẹni tí ó bá Ànábì Sulaimán pàdé ti kú ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀ yàrà náà, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ni ó sì wà láàárín wọn.

A sọ fún Alhaji pé a kò pe àwọn bàbá wa ní òpùrọ́. Lójú tiwa, ohun tí ó jọ pé ó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n bá iṣẹ́ ńlá kan nílẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Nígbà tí Ìsìláàmù dé, tí ààfáà ń ka ìtàn obìnrin alágbára kan tí ó ní ìtẹ́ ńlá, ọkàn wọn lọ sí obìnrin tí àwọn náà ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ láti kékeré. Ìfẹ́ ni ó so ìtàn méjèèjì pọ̀, kì í ṣe ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun ti kìlọ̀ fún wa nínú Suuratul Isra'i, áyà 36, pé kí a má ṣe tẹ̀lé ohun tí a kò ní ìmọ̀ nípa rẹ̀, nítorí pé a ó bi etí, ojú àti ọkàn léèrè. Ìkìlọ̀ náà kò yọ ìtàn ìlú ẹni sílẹ̀.

Alhaji mi orí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ má fún un ní máàkì náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ti Saba lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ẹ kọ́ wọn ní ti Sùngbọ́ náà." Ọ̀rọ̀ àgbà ni èyí, ó sì wọ̀ wá lọ́kàn. Ní ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ìdánwò, a kó ọmọ mẹ́rìnlélógún jọ, ọkùnrin àti obìnrin, a mú àgbà kan tí ó mọ ọ̀nà dání, a sì lọ.

Nínú ìlú ni a ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé Ajẹ̀bú àti Olóde wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ ibí dó, àti pé orúkọ àwọn méjèèjì ni ó para pọ̀ di Ìjẹ̀bú-Òde. Ìmẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ojú oórì Ajẹ̀bú, ti Olóde sì wà ní àdúgbò Ìta-Àjànà. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ilé-kéwú lójoojúmọ́ láìmọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ṣé ibí náà ni? Mo rò pé ilẹ̀ lásán ni."

Láti ibẹ̀ ni a ti lọ wo yàrà. Ẹ̀yin òbí wa, ẹni tí kò bá tíì wọ inú Erédò rí, ẹnu kò lè ròyìn rẹ̀ tán fún un. Ẹ ó máa rìn nínú igbó, ilẹ̀ á ṣàdédé já wálẹ̀ níwájú yín. Ní àwọn ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó nǹkan bí mítà 20, èyí ga ju ilé alájà márùn-ún lọ. Ara ògiri rẹ̀ dán, ewédò bò ó, omi ń kán tó, tó, tó. Igi ti dàgbà sí etí rẹ̀ lókè, oòrùn kò fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Àwọn ọmọ tí ó ti ń pariwo láti òwúrọ̀ dákẹ́ fúnra wọn. Yàrà náà gùn tó kìlómítà 160, ó ju ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Èkó lọ. Kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo ni ó yí ká, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni. Ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ó wà ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ gba orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀: òun ni Erédò.

Onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Patrick Darling, tí ó fi ẹsẹ̀ rìn ín tí ó sì wọ̀n ọ́n, ṣírò rẹ̀ pé erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde tó mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ mítà onígun mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta. Ó ní èyí ju ìwọ̀n òkúta tí ó wà lára píramídì ńlá ilẹ̀ Íjíbítì lọ. Kò sí katakata nígbà náà. Ọkọ́, agbọ̀n àti orí ènìyàn ni. A ní kí àwọn ọmọ fọwọ́ kan ògiri náà, a sì ka áyà 9 nínú Suuratu Rum fún wọn, níbi tí Ọlọ́hun ti ń bi wá bóyá a kò rìn lórí ilẹ̀ kí a wo ìgbẹ̀yìn àwọn tí ó ṣáájú wa, àwọn tí ó ní agbára jù wá lọ, tí wọ́n tú ilẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ ilé sí i ju bí àwa ṣe kọ́ ọ lọ. Ọmọ tí ó kọ "Òkè-Ẹ̀rí" nínú ìdánwò wà láàárín wọn. Òun ni ó sọ pé, "Ààfáà, eléyìí tóbi. Kò tilẹ̀ nílò Saba." A fẹ́ kí gbogbo jamáà gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ náà.

Nígbà tí a dé Òkè-Ẹ̀rí, ọ̀rọ̀ mìíràn ṣẹlẹ̀. Òfin ibẹ̀ ni pé obìnrin kì í dé ibi ojú oórì. Àwọn ọmọbìnrin wa dúró lókèèrè, gẹ́gẹ́ bí àwọn onílé ti wí, nítorí pé àlejò kì í fi agbára wọ ilé onílé. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kì í ṣe obìnrin ni ó wà níbẹ̀?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. A dá a lóhùn pé òfin àwọn onílé ni ìyẹn, kì í ṣe òfin Àlùkùránì. Ọbabìnrin tí Àlùkùránì sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sá pamọ́. Ó gba ìmọ̀ràn kí ó tó ṣe ìpinnu. Òun náà ni ó sọ fún àwọn ìjòyè rẹ̀ pé bí àwọn ọba bá fi agbára wọ ìlú, wọn a bà á jẹ́, wọn a sì sọ àwọn ẹni iyì ibẹ̀ di ẹni yẹpẹrẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ wá, wọ́n bá àwọn bàbá wa jà ní Ìmàgbòn. Ìlú tí kì í gba àjèjì láyè tẹ́lẹ̀ di ìlú tí àjèjì wọ̀ pẹ̀lú ìbọn Maxim. Yàrà kò dá ìbọn dúró. Lẹ́yìn ogun náà, ọ̀nà ṣí, Ìsìláàmù àti ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì sì gbilẹ̀ kíákíá. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́hun máa ń mú ohun mìíràn jáde nínú ohun tí ó dun ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un, nítorí ọ̀pọ̀ ń béèrè. Ànábì wa, ìkẹ́ Ọlọ́hun kí ó máa bá a, kọ́kọ́ kọ ìbẹ̀wò ojú oórì fún àwọn sàábé rẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbà wọ́n láyè, nítorí pé ó ń rán ènìyàn létí ọ̀run. Ẹni tí ó bá lọ wo Òkè-Ẹ̀rí kí ó lè rántí pé ọlọ́rọ̀ náà yóò kú, ó ti rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lọ bẹ òkú fún ọmọ, owó tàbí ìwòsàn, kí ó tètè padà sọ́dọ̀ Ọlọ́hun, nítorí ẹni tí ó wà nínú ilẹ̀ kò lè fún un.

Ohun tí ó kù ni èyí tí ó ń dùn wá. Láti ọdún 1995 ni orúkọ Erédò, pẹ̀lú yàrà ìlú Benin, ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè wa fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé. Orúkọ wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ìwé kì í ṣọ́ igbó. Ọ̀nà mọ́tò ti gé e já. Ní ibi kan tí a dé, ìdọ̀tí ni wọ́n kó kún inú rẹ̀. Ní ibòmíràn, wọ́n ti bu erùpẹ̀ odi rẹ̀ lọ. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn fi agbọ̀n kó jọ, ọkọ̀ típà lè kó o lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá sì lọ, kò sí olówó kankan ní Ìjẹ̀bú tí ó lè rà á padà.

A mọ ohun tí ilé kan máa ń ná sórí aṣọ Ojúde Ọba. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ọdún. Ohun tí a ń tọrọ kò tó nǹkan. Ẹ̀yin òbí, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ wo Erédò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì sọ ohun tí bàbá yín sọ fún yín fún wọn, kí ẹ ṣe àlàyé èyí tí ó jẹ́ ìtàn àti èyí tí ó jẹ́ áyà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ ní etí yàrà, ẹ má tà á fún oníyẹ̀pẹ̀. Ẹ̀yin jamáà, bí ẹ bá rí ẹni tí ń da ilẹ̀ sí i, ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì fi tó baálẹ̀ létí. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ jókòó ti àwọn àgbà kí ẹ kọ ohun tí wọ́n bá wí sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ibi àti orúkọ odò, nítorí pé àgbà kan kì í dúró de ìgbà tí ọmọ bá ráyè.

Àwọn tí ó gbẹ́ yàrà náà kò fi orúkọ sílẹ̀. Ọlọ́hun tí ó mọ iye ewé tí ń bọ́ mọ orúkọ wọn. Tiwa ni pé kí a má ṣe fi irọ́ yẹ́ wọn sí, kí a má sì fi àìbìkítà ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ó ṣe àǹfààní kẹ́ wa, kí Ó tún ìlú wa ṣe, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa bá ohun tí ó yẹ kí wọ́n bá nílẹ̀. Àmín.